Ẹ Ṣọ́ra fún Software Kẹ́míìsì Tí Wọ́n Ń Gbé Kiri Òṣogbo

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kẹ́míìsì ní Òṣogbo, láti Ayétòrò dé Ọjà Ọba, ẹ gbọ́ o. Ọkùnrin kan ń gbé software ìtajà òògùn kiri ní ₦180,000. Ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì mọ òògùn: á sọ̀rọ̀ batch (òògùn tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà), á dárúkọ NAFDAC, ó mọ̀ pé hóró 24 ni òògùn ibà artemether-lumefantrine 20/120 fún àgbàlagbà, pé hóró 6 ni 80/480. Ìmọ̀ yẹn gan-an ló fi ń mú èèyàn. Òògùn ló mọ̀, kò mọ kọ̀ǹpútà!

Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́ ìbàjẹ́ kan ṣoṣo ló ń kọ fún òògùn kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá kó amoxicillin tuntun wọlé, ọjọ́ tuntun á pa ti àtijọ́ rẹ́, èyí tó ti bà jẹ́ lórí pẹpẹ á wá di tuntun lójú kọ̀ǹpútà. Òògùn tá a kó dànù ńkọ́? Ta ló fẹ́ san án?

Káàdì ló tún fi ń ka ọjà. Já hóró kan tà nínú káàdì oníhóró 12, 0.08 lá yọ, ìyẹn ìdá kan nínú 12 tó gé kúrú. Ta gbogbo ẹ̀ tán, 0.96 ló yọ, 0.04 á jókòó sórí kọ̀ǹpútà, kò sí lórí pẹpẹ. Kó tó pẹ́, ìṣirò ti dàrú, ọmọ tó ń bá èèyàn tajà ti di olè. Olè wo? Ta lolè gan-an?

Ti iná ló burú jù. Owó ló kọ́kọ́ ń kọ sílẹ̀ kó tó yọ ọjà. Bí NEPA bá mú iná lọ láàárín méjèèjì, owó ti wọlé, ọjà ò kúrò. Ní Òṣogbo níbí! Kẹ́nikẹ́ni má bi wá pé ṣé a ò dán an wò. Orí laptop tirẹ̀ tó ní bátìrì ló ti fi hàn wá, iná wo ló fẹ́ lọ níbẹ̀?

Àwọn oníkọ̀ǹpútà tí kò mọ hóró yàtọ̀ sí káàdì náà ò sàn. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀: ẹ kó òògùn kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọjọ́ méjì, kẹ́ ẹ wò ó bóyá méjèèjì wà. Ẹ ta hóró 12 lọ́kọ̀ọ̀kan, kó di òdo. Ẹ fa wáyà kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì yọ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ta ọjà lọ́wọ́. Kí ọkùnrin náà gbé backup (ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tá a fi pamọ́) sórí kọ̀ǹpútà mìíràn lójú yín. Ìdajì owó ni kẹ́ ẹ san, ìyókù di oṣù kejì. Tó bá ní ẹ ò fọkàn tán òun, ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.