U-17 àbí U-20: Èwo ni kí ọmọ wa kọ́kọ́ lé?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 15, ń gbá bọ́ọ̀lù ní Campos níbí, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó bi mí pé, "Bọ̀dá mi, nínú ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́bìnrin, U-17 ni kí n fojú sí ni, àbí U-20?"

U-17 ni ti àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ, U-20 sì ni ti àwọn tí kò ju 20 lọ. U-20 ló ṣáájú. Ní 2002 ló bẹ̀rẹ̀ ní Kánádà, U-19 ni wọ́n ń pè é nígbà náà. U-17 dé ní 2008.

Lójú mi, U-20 ló wúwo jù. Àwọn Falconets wa, ẹgbẹ́ U-20 obìnrin Nàìjíríà, dé àṣekágbá ní 2010 àti 2014, Jámánì ló sì dá wa dúró lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ti 2014 ṣì ń dùn mí dọ́kàn: góòlù kan ṣoṣo, ní àfikún àkókò! Síbẹ̀, Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, ló gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù, òun náà ló jẹ góòlù jù. Nígbà tó fi máa di 2015, ó ti wà ní Liverpool.

Ti U-17, àwọn Flamingos, ẹgbẹ́ U-17 obìnrin wa, gba ipò kẹta ní Íńdíà ní 2022. Jámánì kan náà ni wọ́n fi pẹ̀nárítì lù, mo fò sókè!

Ohun tó wá yí mi lọ́kàn padà ni pé láti 2025 ni U-17 ti di ọdọọdún, nígbà tí U-20 ṣì ń dúró fún ọdún méjì méjì. Kó lé U-17 báyìí, kó má sì fi ìwé sílẹ̀.