Tírènì fọlọ́ńtíà omíyalé tí mo ṣe ní Kétu: ohun tó dùn mọ́ mi àti ohun tó dùn mí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé ṣé ó tó ohun téèyàn ń torí ẹ̀ fi Sátidé mẹ́ta sílẹ̀, mo ti parí ẹ̀ o, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí. Mílè 12 ni mo ti ń ta ata, Àgílítì ni mò ń gbé, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí Sátidé jẹ́ fún aláta. Àmọ́ ẹni tó bá ń gbé lọ́dọ̀ wa mọ̀ pé kì í ṣe òjò nìkan ló ń lé wa kúrò nílé, tí wọ́n bá ti tú omi dáàmù Ọ̀yán sílẹ̀, odò Ògùn ló máa gbà wá bá wa, òòrùn lè máa ràn kí omi ṣì máa wọ yàrá.

Sátidé àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ló pọ̀. Wọ́n ní ká dé láago mẹ́sàn-án, mọ́kànlá kọjá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Òyìnbó ni wọ́n sì ń sọ títí tí ìyá kan fi nawọ́ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ lédè tí mo gbọ́. Mo mú nọ́ńbà 112 àti 767 níbẹ̀, èyí téèyàn fi ń pe ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì l'Ékòó, ọ̀fẹ́ ni téèyàn bá pè é. Mo sì mú ìtàn ìmìtìtì ilẹ̀ Mexico City ní 1985, pé àwọn ará ìlú tí kò kọ́ nǹkan kan yọ bí 800 èèyàn láàyè lábẹ́ àwókù, àmọ́ bí 100 nínú àwọn tó ń yọ èèyàn ló bá a lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, torí báwa náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Nígbà tí ilé tó ní ilé ìwé nínú wó ní Ìta Fáàjì l'Ékòó ní March 2019, ẹ rántí bí èrò ṣe bo orí àwókù yẹn, gbogbo èèyàn ló fẹ́ gba ọmọ là. Tíṣà wa ní tí èrò bá pọ̀ lórí ẹ̀, ó lè ya lu ẹni tó ṣì ń mí nísàlẹ̀, ká máa dákẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ká lè gbọ́ ohùn ẹ̀.

Sátidé kejì ló ká mi lára jù. Bèbí onírọ́bà ni wọ́n fi kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ran ẹni tí kò mí mọ́ lọ́wọ́, ẹ tẹ àyà ẹ̀ lẹ́ẹ̀ 30, ẹ mí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀ 2, kó yá dáadáa, 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kó wọlé tó íńṣì méjì, apá ro mí dọjọ́ kejì. Wọ́n wá ní ẹni tí omi gbé, èémí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún un, torí àìrí afẹ́fẹ́ ló ń pa á, ẹ má gbé e dorí kodò, ẹ má tẹ ikùn ẹ̀ pé kí omi jáde. Ibẹ̀ ni omijé bọ́ lójú mi. Ọmọ kan wà ládùúgbò wa lọ́jọ́sí, ikùn ẹ̀ la jọ ń tẹ̀, ọwọ́ tèmi wà níbẹ̀, títí wọ́n fi ní ó ti tán. Mi ò lè sọ pé ì bá yè, àmọ́ mo fẹ́ kí gbogbo ìyá mọ èyí kí òjò míì tó dé.

Ẹ̀kẹta, okùn. Omi tó ń ṣàn, bí ò tiẹ̀ ju íńṣì mẹ́fà lọ, ó lè gbé àgbàlagbà lulẹ̀, ẹ má kó sínú ẹ̀, kẹ́ẹ̀gì òfìfo tẹ́ ẹ so mókùn ni kẹ́ ẹ jù sí ẹni tó wà nínú omi. Ìgbà mẹ́wàá ni mo jù ú kó tó débi tí mo fẹ́.

Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n ṣèlérí bùùtù àti láìfù jákẹ́ẹ̀tì, tíṣẹ́ẹ̀tì àti sátífíkéètì la gbà, látìgbà náà ẹnikẹ́ni ò pè wá. Síbẹ̀ tí wọ́n bá ṣe é ládùúgbò yín, ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ yín.

Àwa ní òpópónà wa ti dáwó, okùn àti kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin wà ní ṣọ́ọ̀bù fọganáísà tó wà ní ìkóríta, torí òun ló máa ń wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè láago mẹ́rin a tún fẹ́ dán an wò, torí mo ti fẹ́ gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ta kókó okùn yẹn.