Àwo DVD This Is Spinal Tap ti ọdún 2000: ẹ gbọ́ tẹnu àwọn arúgbó onírọ́ọ̀kì náà fúnra wọn

Ẹni tó bá ń wá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò aláwàdà, níbi tí àwọn olórin rọ́ọ̀kì tó ti ń dàgbà ti tún pàdé tí wọ́n ń jiyàn lórí ìtàn ara wọn, kó wá àwo DVD tí ilé-iṣẹ́ fíìmù MGM gbé jáde lọ́dún 2000 fún This Is Spinal Tap. Fíìmù náà ti wà láti ọdún 1984, ọ̀pọ̀ ló sì ti wò ó. Ohùn àsọyé tí wọ́n fi kún àwo yìí ló mú un yàtọ̀. Christopher Guest, Michael McKean àti Harry Shearer tún padà di Nigel Tufnel, David St. Hubbins àti Derek Smalls, wọ́n jókòó ti fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, wọ́n ń wo ara wọn nígbà tí ara ṣì le, inú sì ń bí wọn sí ẹni tó ṣe fíìmù náà.

Fún ẹni tí kò mọ̀ wọ́n: Spinal Tap kì í ṣe ẹgbẹ́ olórin gidi níbẹ̀rẹ̀, àwọn òṣèré ló fi ṣe àwàdà. Orí tẹlifíṣọ̀n ABC ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fara hàn lọ́dún 1979, eré ẹ̀fẹ̀ lásán. Fíìmù náà ń díbọ́n pé dọkumẹ́ńtárì gidi lòun. Rob Reiner tó darí rẹ̀ ló tún ṣe Marty DiBergi, ọkùnrin tó gbé kámẹ́rà tẹ̀lé ẹgbẹ́ ará Ìlú Ọba kan káàkiri Amẹ́ríkà bí wọ́n ṣe ń polówó àwo orin tuntun, tí gbọ̀ngán ń kéré sí i, tí èrò sì ń dín kù. Àwọn òṣèré mọ ibi tí ìran kọ̀ọ̀kan ń lọ, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń ronú rẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló ta gìtá, àwọn ló kọrin. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí ni wọ́n yà, ìṣẹ́jú 82 péré ni wọ́n gé e kù sí. Lọ́dún 2002, Library of Congress, ilé ìkàwé ńlá ìjọba Amẹ́ríkà, fi í sínú àkójọ fíìmù tí kò gbọdọ̀ parun.

Ọmọ Amẹ́ríkà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí Gẹ̀ẹ́sì ẹnu wọn nínú fíìmù ò tiẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀. Ará Ìlú Ọba ni bàbá Guest. Lọ́dún 1996, oyè bárónì ìdílé wọn kàn án, ó sì ní àga nílé aṣòfin àgbà ní London títí òfin ọdún 1999 fi lé ọ̀pọ̀ olóyè àjogúnbá jáde. Ẹ wo Nigel dáadáa, kí ẹ wá tún gbólóhùn yẹn kà.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ látorí àsọyé o. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í, tí wọ́n á wá ní kò pa àwọn lẹ́rìn-ín. Bí àsọyé bá ti bẹ̀rẹ̀, ohùn fíìmù gangan á lọ sílẹ̀, ẹnu àwọn mẹ́ta á gbà á, ẹni tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìran kò sì ní mọ irọ́ tí wọ́n ń pa lé e lórí. Ẹ kọ́kọ́ wo fíìmù náà tán láìsí àsọyé. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ AUDIO lórí rìmóòtù títí ohùn á fi yí padà, tàbí kí ẹ yàn án nínú mẹ́nù àwo náà. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí i pẹ̀lú VLC, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń wo fíìmù, ẹ lọ sí Audio, kí ẹ yan òmíràn lábẹ́ Audio Track. Kí ẹ sì tan ọ̀rọ̀ tó ń hàn nísàlẹ̀ fíìmù: ojú yín á máa ka ohun tí wọ́n sọ nígbà náà, etí yín á máa gbọ́ àwáwí tí wọ́n ń ṣe báyìí. Àárín méjèèjì yẹn ni ẹ̀rín wà.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí wọ́n dì mú nìyẹn. Lójú wọn, DiBergi ni òṣìkà yìí: ó ṣa gbogbo ohun tó bàjẹ́ jọ, ó sì fi èyí tó dára sílẹ̀. Wọn ò sọ ọ́ bí aláwàdà tó fẹ́ kí á rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n irú ẹjọ́ yìí kò ṣeé rò láìjẹ́bi. Ẹ rántí ibi tí wọ́n ti ń wá ọ̀nà orí ìtàgé kiri lábẹ́ gbọ̀ngán ní Cleveland, tí wọ́n ń bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, tí ariwo èrò ń jìnnà sí wọn. Bí olórin kan bá ní lálẹ́ ọjọ́ mìíràn àwọn rí ìtàgé, ó ti gbà pé lálẹ́ ọjọ́ yìí àwọn ò rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìran ibi tí Derek ti há sínú àpótí oníke. Àwọn mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n jáde látinú àpótí wọn nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀. Ti Derek kọ̀, òṣìṣẹ́ kan fi hámà gbá a, ó tún fi iná sun ún, Derek ń ta gìtá béèsì rẹ̀ lọ nínú rẹ̀, àpótí náà kò sì ṣí títí ó fi tó àkókò tí àwọn yòókù ń padà wọ tiwọn. Kò sí àwáwí tó lè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń ṣàlàyé ni wọ́n ń rì sí i, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sì mira.

Ìran méjì ló yẹ kí ẹ dá dúró, kí ẹ padà sẹ́yìn, kí ẹ tún gbọ́.

Èkíní ni ti Stonehenge, àwọn òkúta ńlá àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fẹ́ gbé àwòṣe rẹ̀ sórí ìtàgé. Nigel ya àwòṣe náà sórí bébà ìnuwọ́ kan, ó fẹ́ kó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 18, bíi mítà márùn-ún àtààbọ̀. Ìlà kékeré kan ni wọ́n fi ń kọ ẹsẹ̀ bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà, méjì ni ti íǹṣì. Méjì ló kọ. Ẹni tí wọ́n gbéṣẹ́ fún ṣe ohun tó wà lórí bébà gẹ́lẹ́, íǹṣì 18, kò tó ààbọ̀ mítà. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lórí ìtàgé, àwọn aràrá méjì tí wọ́n háyà láti máa jó yí i ká ga jù ú lọ. Ìbínú tó tẹ̀ lé e ló jẹ́ kí ìran yìí dára tó bẹ́ẹ̀. Ian Faith tó jẹ́ máníjà wọn, tí Tony Hendra ṣe, kò tọrọ àforíjì. Ohun tí wọ́n yà lòun ṣe. Nigel náà ò gbà. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi, òkúta sì ti dé.

Èkejì ni ti anpilifáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, tí bọ́tìnnì rẹ̀ dé 11 dípò kó parí sí 10. Nigel gbà pé ìyẹn ló jẹ́ kó pariwo ju ti ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ń lo anpilifáyà á yára rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nọ́ńbà ara bọ́tìnnì kò wọn ohunkóhun. Àmì lásán ni, ó ń fi ibi tí a yí bọ́tìnnì dé hàn. Agbára anpilifáyà àti irú sípíkà tí wọ́n so mọ́ ọn ló ń sọ bí ariwo á ṣe pọ̀ tó, nítorí náà 11 tẹnìkan lè rẹlẹ̀ ju 6 ẹlòmíràn. DiBergi fi sùúrù béèrè ìdí tí wọn ò fi jẹ́ kí 10 pariwo sí i, kí 10 sì jẹ́ òpin. Nigel dákẹ́. Ẹ wo ojú rẹ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ó ń gbìyànjú ní tòótọ́. Lẹ́yìn náà ló tún ohun tó ti sọ tẹ́lẹ̀ sọ, pé tàwọn dé 11. Àwàdà yìí ti jáde kúrò nínú fíìmù: lọ́dún 1990, ilé-iṣẹ́ Marshall ṣe anpilifáyà JCM900 tí bọ́tìnnì rẹ̀ dé 20, Nigel ló sì polówó rẹ̀. Bọ́tìnnì ohùn lórí BBC iPlayer náà dé 11.

Ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń jọra létí ẹni tó kọ́kọ́ ń gbọ́ àsọyé yìí, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu. Derek ni ohùn rẹ̀ wúwo jù, kì í sì í yára. David ló máa ń fẹ́ fi ọgbọ́n gbé ọ̀rọ̀, tí ọgbọ́n náà á sì tán lójú ọ̀nà. Nigel ń sọ̀rọ̀ bí ọmọdé tó ń fi ohun ìṣeré rẹ̀ han àlejò. Ẹ lo íápíìsì, ẹ má gbọ́ ọ láti inú sípíkà tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó dùn jù ni wọ́n fi imú sọ, lábẹ́ ohùn ẹlòmíràn.

Kò dára látòkèdélẹ̀ o. Wọ́n máa ń tọ́ka sí ẹni tó bá yọjú nínú fíìmù pé ó ti kú, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ etí ti mọ̀ ọ́n. Ó bá ìtàn wọn mu ṣá, nítorí onílù wọn kì í pẹ́ láyé: èyí tó kú níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ọgbà, èyí tó gbiná lórí ìtàgé. Bí orin gígùn bá ń lọ, ọ̀rọ̀ á tún fà. Ìran tí wọ́n gé kúrò, tí wọ́n kó sórí àwo kan náà, ju wákàtí kan lọ. Ẹ má wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ìran kan dára púpọ̀, àwọn mìíràn ń jẹ́ kí ẹ rí ìdí tí àwọn agéfíìmù fi gé wọn: ọ̀rọ̀ dùn, ìtàn ò lọ síbì kankan.

Ní ti àwo fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà jẹ́ ti agbègbè 1 (region 1), àmì apá ayé tí wọ́n ṣe àwo náà fún. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún agbègbè mìíràn lè kọ̀ ọ́, kó máa kọ àṣìṣe sójú tẹlifíṣọ̀n. Tí kọ̀ǹpútà yín bá ní kí ẹ yí agbègbè padà, ẹ ronú dáadáa: ìgbà márùn-ún péré ni ibi tí a ń ki DVD bọ̀ sábà máa ń gbà kí á yí i, lẹ́yìn náà ó ti di tibẹ̀ nìyẹn. VLC sábà máa ń kà á láìsí wàhálà yẹn. Ẹ má sì retí àwòrán tó mọ́ bíi tòde òní lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò nìyí. Ilé-iṣẹ́ Criterion náà ṣe DVD fíìmù yìí lọ́dún 1998, orúkọ àwọn mẹ́ta yẹn náà ló wà lára páálí rẹ̀ pé wọ́n ṣe àsọyé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí Guest, McKean àti Shearer ni wọ́n ṣe sọ̀rọ̀, bí àwọn òṣèré tó ń sọ bí iṣẹ́ ṣe lọ. Àsọyé mìíràn tún wà níbẹ̀ látẹnu Reiner, Karen Murphy tó jẹ́ agbátẹrù, àti àwọn agéfíìmù, Robert Leighton àti Kent Beyda. Fún ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ fíìmù, ti Criterion ni kó rà, pàápàá nítorí ohun tí àwọn agéfíìmù sọ. Ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó wo ẹ̀yìn páálí kó tó sanwó, kó rí i pé Nigel, David àti Derek ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé wọ́n ń ṣàsọyé.

Àwọn ìpadàpọ̀ mìíràn wà. The Return of Spinal Tap ti ọdún 1992 ni eré wọn ní Royal Albert Hall ní London, pẹ̀lú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò láàárín orin. Ó wà fún ẹni tó fẹ́ràn orin wọn gan-an. Spinal Tap II: The End Continues jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, nígbà tí Shearer jẹ́ ẹni ọdún 81, tí àwọn méjì yòókù jẹ́ 77. DiBergi tún wá wọn kiri lọ́kọ̀ọ̀kan: Nigel ń ta wàràkàṣì àti gìtá nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, níbi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tó fà á tí wọn ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, ló dára jù nínú fíìmù náà. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní láti wáyè fún Paul McCartney àti Elton John, fún ètò eré àṣekẹ́yìn, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà mẹ́ta náà sì ń kéré sí i. Àwo 2000 kò ní irú ẹrù yẹn. Ẹnu mẹ́ta ni, àti ohun tí wọ́n ń jà lé lórí.

Ẹjọ́ gidi náà wà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ti fíìmù lọ. Lọ́dún 2016, Shearer gbé Vivendi tó ni ẹ̀tọ́ fíìmù náà lọ sílé ẹjọ́ lórí owó tó yẹ kó kàn wọ́n. Nínú ìwé ìpẹ̀jọ́ rẹ̀, ó ní dọ́là 81 ni wọ́n kà sílẹ̀ fún àwọn tó dá Spinal Tap sílẹ̀ láti ara ọjà tí wọ́n fi orúkọ ẹgbẹ́ náà tà láti ọdún 1984 sí 2006. Nígbà tó yá, wọ́n parí rẹ̀ nítùbí-ìnùbí.

Ohun kan kù. Bí fíìmù bá ti parí tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ẹ má pa á. DiBergi ṣì ń fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò lábẹ́ àwọn orúkọ yẹn. Ó bi Nigel ní iṣẹ́ tí ì bá máa ṣe ká ní kò sí rọ́ọ̀kì, Nigel ní bóyá òun á máa ta fìlà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ṣàpèjúwe bí òun á ṣe máa dá oníbàárà lóhùn, ó wá béèrè lọ́wọ́ DiBergi pé aago mélòó ni wọ́n ń wọṣẹ́, aago mélòó ni wọ́n ń jáde.