Akáńtáǹtì tó bèèrè ìyàwó mi kó tó bèèrè ìwé ilé-iṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi limited company tiyín, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tí òfin kà sí ẹni ọ̀tọ̀ sí ẹni tó ni ín, gba iṣẹ́ ṣe ní ìlú ọba, tí ẹ sì ní ọkọ tàbí aya tí ẹ fẹ́ mú wá láti ilé, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ tí mo ti ń lo ọ́fíìsì akáńtáǹtì kékeré kan ní Leeds. Màmá kan ọmọ Yorùbá ló ni ín.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, bí mo ṣe kí wọn tán ni wọ́n bi mí pé, "Ìyàwó ńkọ́?" Mo ní ó wà n'Íbàdàn, pé mo ti gba ìwé ìgbélùú, mo sì fẹ́ mú un wá. Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn. "Èló lo san fún ara rẹ lọ́dún tó kọjá?" Mo ní 12,570 pọ́ùn. "Èló ló kù nínú ilé-iṣẹ́?" Mo ní ó lé ní 30,000. Wọ́n mirí. "Ọmọ mi, owó ilé-iṣẹ́ kọ́ ni owó rẹ."

Akáńtáǹtì tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ ló ní kí n gba iye owó oṣù tí owó orí kò kàn, kí n fi ìyókù sílẹ̀. Èrè mi kò tó 50,000, nítorí náà ìdá 19 nínú 100 ni ilé-iṣẹ́ san. Ní ti owó orí, ìmọ̀ràn yẹn dára. Ṣùgbọ́n Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, kì í ka èrè tó jókòó sínú ilé-iṣẹ́ sí owó tó wọlé fún ẹni tó fẹ́ mú aya rẹ̀ wá. Owó oṣù àti dividend (èrè tí ilé-iṣẹ́ pín fún ẹni tó ni ín) tó wọ àpò rẹ gan-an ni wọ́n ń wò, ti odidi ọdún ìṣirò ilé-iṣẹ́ tó kẹ́yìn. Iye tí wọ́n ń fẹ́ sì ti gbéra láti 18,600 pọ́ùn, ó di 29,000 ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2024. Ọdún ìṣirò tèmi ti parí ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta, 12,570 péré ni mo sì gbà nínú rẹ̀, àfi kí n dúró títí òmíràn á fi parí. Ọdún kan gbáko ni ìyàwó mi tún fi dá sùn, tó dá jí. Ó ṣì ń dùn mí.

Màmá tò ó fún mi: 12,570 owó oṣù, 17,000 dividend. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 29,570. Lọ́dún náà, 500 àkọ́kọ́ nínú dividend kò ní owó orí, ìyókù jẹ́ ìdá 8.75 nínú 100. Ó wá sí 1,443 pọ́ùn àti díẹ̀. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi san án. Gbogbo dividend tí mo bá gbà ni wọ́n ń ṣe ìwé ẹ̀rí fún, wọ́n á sì rí i pé iye yẹn gan-an ló wọ báńkì mi. Iye tí a sọ fún HMRC, àjọ owó orí, àti èyí tí a sọ fún Home Office kò gbọdọ̀ yàtọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2018, òfin ìwọ̀lú 322(5), tó dá lórí ìwà ẹni, ni Home Office fi kọ̀ láti fún ọ̀pọ̀ èèyàn tó wà lórí físà Tier 1 (General), físà àwọn onímọ̀ gíga, ní ìwé ìgbélùú, torí pé iye méjèèjì kò bára mu. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ ní 2019 pé ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹni náà ṣàlàyé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀?

Màmá tún ní kí n gba ìpinnu IR35 (òfin owó orí tó ń wò ó bóyá ẹni tó ń fi ilé-iṣẹ́ ara rẹ̀ gba iṣẹ́ dà bí òṣìṣẹ́ lásán) lọ́wọ́ àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́, nítorí láti oṣù kẹrin 2021, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá àti alábọ́ọ́dé ló ń pinnu ìyẹn fún wa. Nígbà tó kan ìwé físà fúnra rẹ̀, wọ́n ní àwọn kì í ṣe lọ́yà, òfin kò sì gba àwọn láyè. Wọ́n ní kí n wá lọ́yà. Ibẹ̀ ni mo ti fọkàn tán wọn pátápátá.

Ìyàwó mi dé lóṣù kẹsàn-án ọdún 2025.

Àbùkù wọn? Lóṣù kìíní, tí ọjọ́ 31 tí Self Assessment, ìwé owó orí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fi ránṣẹ́, máa ń parí bá ti ń sún mọ́, ẹ ò ní rí wọn bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pè. Pọ́ùn 110 ni mò ń san lóṣù, ṣùgbọ́n wọ́n gba 150 lọ́tọ̀ fún lẹ́tà tó wà pẹ̀lú ìwé ìṣirò, wọn ò sì ti sọ tẹ́lẹ̀. Inú mi kò dùn sí i.

Síbẹ̀, nígbà tí àbúrò mi tó wà lórí físà Student ní òun fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni mo mú un lọ. Wọ́n ní físà yẹn kò gba kí èèyàn máa dá òwò ara rẹ̀ ṣe, kó lọ kàwé rẹ̀ parí ná. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.