Ẹ̀kọ́ ìhùmọ̀ àti páténtì fún àwọn ọmọdé n'Íbàdàn: ohun tí mo rí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì

Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tó kọjá, mo fi ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 11, sí ibì kan ní Bódìjà, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ àwọn ọmọdé bí a ṣe ń hùmọ̀ nǹkan tuntun àti bí a ṣe ń gba páténtì, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún olùhùmọ̀ kí ẹlòmíràn má baà máa fi iṣẹ́ rẹ̀ jẹun láìgbàṣẹ. ₦35,000 ni mo san.

Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ wù mí gan-an. Ìkòkò amọ̀ méjì ni olùkọ́ gbé síwájú àwọn ọmọ náà. Ó ki kékeré bọ inú ńlá, ó da iyanrìn tútù sí àárín wọn, ó kó ikàn sínú rẹ̀, ó sì fi aṣọ tútù bò ó. Iṣẹ́ Mohammed Bah Abba nìyẹn, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa, tó fi gba àmì-ẹ̀yẹ tí iléeṣẹ́ aago Rolex ń fúnni ní ọdún 2000. Bí omi inú iyanrìn bá ṣe ń gbẹ ni ó ń fa ooru kúrò lára ìkòkò inú, débi pé ikàn tó máa ń bàjẹ́ láàárín ọjọ́ 3 lè lo ọjọ́ 27. Ọmọ mi fọwọ́ kan ìkòkò inú náà lọ́jọ́ kejì, ó ní ó tutù bí omi àmù.

Mo tún yìn wọ́n fún ìwé àkọsílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń kọ ohun tó dán wò àti ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣe é, tí ẹnìkejì rẹ̀ yóò sì buwọ́ lù ú. Nítorí pé ìyá mi ń ta ẹ̀gúsí, ohun tí yóò máa bó ẹ̀gúsí ni ọmọ mi dáwọ́ lé: igi róbótó méjì tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé nínú ẹ̀gúsí 50, 31 fọ́. Nígbà tó fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ we igi náà, 12 ló fọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó sídìí Google Patents, ìkànnì tí a ti ń wá páténtì tó ti wà nílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ó délé, ojú rẹ̀ fà ro. "Mọ́mì, àwọn ará Ṣáínà ti ṣe ẹ̀rọ tó ń bó kóró mẹ́lọ́ọ̀nù." Olùkọ́ ní kó má jáwọ́, kó wá ohun tó yàtọ̀ nínú tirẹ̀.

Ẹ̀kọ́ òfin ni kò kún tó. Òótọ́ ni wọ́n sọ pé páténtì lè wà fún ọdún 20 láti ọjọ́ tí a bá gbé ìwé ìbéèrè wọlé, bí a bá ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí Abuja bá ti fúnni níwèé, ó dájú pé ẹnikẹ́ni kò ṣe irú rẹ̀ rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ òfin páténtì Nàìjíríà ti ọdún 1970, bóyá ìwé ìbéèrè pé bó ṣe yẹ ni wọ́n ń wò; wọn kì í wádìí bóyá ohun náà jẹ́ tuntun lóòótọ́, ọrùn ẹni tó gbàwé ni ewu rẹ̀ wà.

Ọjọ́ ìparí ló dùn mí jù. Wọ́n gbé fídíò iṣẹ́ gbogbo àwọn ọmọ sórí Facebook, pẹ̀lú àlàyé kíkún lórí bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́, láìbéèrè lọ́wọ́ òbí kankan. Òfin kan náà sọ pé ohun tí aráyé bá ti lè rí kí a tó gbé ìwé ìbéèrè wọlé, níbikíbi tó wù kó jẹ́, kì í ṣe tuntun mọ́. Ohun tí a bá fi hàn níbi pàtẹ àgbáyé tí ìjọba mọ̀ sí, láàárín oṣù mẹ́fà ṣáájú, nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Mo pè wọ́n lójú ẹsẹ̀, ọjọ́ kejì ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Wọ́n tọrọ àforíjì, mo sì gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní páténtì kò yẹ kó ṣe irú èyí rárá.

Síbẹ̀, màá tún rán an lọ ní Oṣù Kejìlá, nítorí n kò tíì rí ibòmíràn tí wọ́n ti ń jẹ́ kí ọmọ kọ àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀ láìtijú. Ẹ̀yin òbí tí ẹ bá fẹ́ mú ọmọ lọ, ẹ gba àdéhùn nípa fọ́tò àti fídíò ní kíkọ sílẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Fídíò yẹn ti tú igi oní-rọ́bà síta, ìdí nìyẹn tí mo fi ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ọmọ mi ti ń dán òmíràn wò báyìí. Ìyẹn kò ní í ti ẹnu mi jáde.