Ilé tí àbúrò mi gbé lẹ́yìn rìháàbù n'Ílọrin, ohun tí mo rí níbẹ̀

Àwọn kan ń bi mí nípa ilé tí àbúrò mi wà lẹ́yìn tó kúrò ní rìháàbù, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí oògùn olóró ti di bárakú fún. Apá Ọ̀ffà Gàréèjì ni ilé náà wà. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò fẹ́ káyé mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá sọ, ojú mi ló tó o.

Kì í ṣe ọsibítù, kò sí dókítà níbẹ̀, wọn kì í fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de èèyàn mọ́lẹ̀ bíi tàwọn ibòmíì. Ilé lásán ni, àwọn ọkùnrin tó ti jáwọ́ nínú trámádọ̀ọ̀lù, kódíìnì àti kolorádò (igbó oníkẹ́míkà) jọ ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń dáwó rẹ́ǹtì, wọ́n ń pín iṣẹ́ ilé láàárín ara wọn. Kò sí oògùn kò sí ọtí, aago mẹ́sàn-án alẹ́ kóníkálukú ti wọlé, tí wọ́n bá sì ní kóo tọ̀ fún tẹ́ẹ̀sì wàá tọ̀ ni. Oxford House tó bẹ̀rẹ̀ ní Maryland l'Ámẹ́ríkà ní 1975 ni wọ́n ń wò ṣe, níbẹ̀ náà àwọn tó ń gbénú ilé ló ń dìbò lórí ọ̀rọ̀ ilé, ẹni tó bá padà sídìí oògùn á kó ẹrù ẹ̀.

Ẹ wò ó, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní rìháàbù, ara ẹ̀ ò gba iye trámádọ̀ọ̀lù tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́, tó bá lọ gbé iye yẹn jẹ, gìrì lè mú un, ó tiẹ̀ lè kú. Mọ́mì wa ní kó máa bọ̀ nílé, àdúgbò wa rèé wọ́n ń tà á ní gbangba! Ilé yìí ló gbà á. Alẹ́ kan tó ń wù ú gan-an láti lọ wá oògùn, ọkùnrin wẹ́dà kan tó ti pẹ́ níbẹ̀ jókòó tì í ní fàráńdà títí wọ́n fi pe ìrun àsùbáà, ó ń sọ tiẹ̀ fún un. Èmi ẹ̀gbọ́n ẹ̀, wáàsí ni ǹ bá ṣe fún un.

Ibi tí inú mi ò ti dùn: wọ́n lé ọmọkùnrin kan jáde lóru torí tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ gbé igbó, wọn ò pe ẹnikẹ́ni nílé wọn. Mo gbà pé ẹnì kan tó ń mu lè kó bá gbogbo ilé, àmọ́ ẹni tí ẹ lé jáde lóru, ibo lẹ rò pé ó máa lọ? Mo bá wọn sọ ọ́, wọ́n ti ń gba nọ́ńbà ẹbí báyìí. Owó oṣù mẹ́fà tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà sì ti pọ̀ jù fẹ́ni tí ò tíì níṣẹ́, wọn ò sì gba obìnrin rárá, èyí dùn mí gan-an ni torí àwọn obìnrin náà ń bẹ dáadáa nínú àwọn tí oògùn ti mú.

Tí ẹ bá fẹ́ mú èèyàn yín lọ, ẹ jẹ́ kó parí ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà ná, ẹni tára ẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, tí ò rí oorun sùn, wọn ò lè tọ́jú ẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ò mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀, NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, ní láìnì ọ̀fẹ́ tí wọ́n ti ń gbani nímọ̀ràn, 080010203040.