Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta igbá oníná aláṣọ àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Bí ẹ bá ń wá igbá tí wọ́n dá ihò sí lára, tí ẹ fẹ́ fi àdìrẹ tẹ́ inú rẹ̀ kẹ́ ẹ fi ṣe iná alẹ́ sí yàrá, tẹ́ ẹ wá rí ọkùnrin kan lórí WhatsApp tó ń ta gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, tó ní Ìtòkú lòun wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, kì í gbà ká pa iná tó bá fẹ́ sùn. Gílóòbù ńlá á wá máa tàn mọ́jú, owó káàdì NẸ́PÀ á sì máa lọ. Mo ní kí n fọwọ́ ara mi ṣe iná kékeré kan fún un. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: igbá tó gbẹ dáadáa, ìṣó tá a kì bọ iná títí tó fi pọ́n, ká máa fi dá ihò wínníwínní sí i. Àmọ́ èmi tí mo ń ṣòwò ní Pánṣẹ́kẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ibo ni mo ti fẹ́ ráyè jókòó ti igbá? Ìyẹn ló jẹ́ kí n ra èyí tí wọ́n ti dá ihò sí, pẹ̀lú aṣọ, wáyà, hóódà àti gílóòbù rẹ̀. ₦18,000.

Ọkùnrin tó tà á ní igbá Ọ̀yọ́ ni, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni aṣọ, kọ́pà gidi ni wáyà. Igbá yẹn dára, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Mo lẹ aṣọ mọ́ inú rẹ̀, mo so wáyà, mo tan án. Ìràwọ̀ aláwọ̀ búlúù kún ara ògiri, ọmọ ń pàtẹ́wọ́. Díẹ̀ ló kù kí n máa bá a polówó ọjà!

Alẹ́ kẹta ni òórùn jí mi. Ó dà bí ìgbà tí ike bá já sínú iná. Mo sáré fa wáyà yọ. Nígbà tí mo ṣí igbá, aṣọ ti yọ́ lé gílóòbù lórí, ó ń fà bí àbẹ́là, etí ibi tó ti jó sì le kókó bí ìlẹ̀kẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ ò jìnnà síbẹ̀ rárá. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n.

Ilẹ̀ mọ́, mo pè é. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ti tàn án pẹ́ jù nìyẹn." Iná alẹ́ o! Àbí ọ̀sán gangan ló fẹ́ kí n máa tàn án? Mo tún pè é, kò gbé e. Nígbà tó yá, ó ti bulọ́ọ̀kì mi. Mo gbé aṣọ náà lọ sí Ìtòkú, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní gbogbo ibi tó júwe.

Màmá àgbàlagbà kan tó ń ta àdìrẹ níbẹ̀ ló bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Kò tiẹ̀ wo ojú aṣọ, ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ yí síta. Ó funfun. Ó ní, "Aṣọ tá a rì sínú ìkòkò aró, ẹ̀yìn rẹ̀ á wá funfun?" Ó ṣàlàyé fún mi pé ojú kan ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún ya iṣẹ́ sí lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń dúdú jù, torí kò sí ẹ̀kọ tó máa dí aró lọ́wọ́ níbẹ̀. Oníko tí wọ́n fi ìko dì, ojú méjèèjì máa ń fẹ́ẹ̀ jọra. Èyí tí ẹ̀rọ bá tẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń kó wọlé láti Ṣáínà, iwájú nìkan ló ní.

Ó wá fa fọ́nrán òwú kan yọ lára aṣọ mi, ó ṣáná sí i. Ó ká kò, ó di kóró dúdú. Ó fa ti aṣọ tirẹ̀ náà yọ, ìyẹn jó bí ìwé, ó di eérú, ó sì fẹ́ ẹ dànù. Polísítà, aṣọ oníke, ni mo lẹ̀ mọ́ inú igbá.

Nígbà tí mo délé, mo fi abẹ ha wáyà. Ara rẹ̀ pupa, inú rẹ̀ funfun: alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò. Gílóòbù ńkọ́? Àwọn wáàtì 60 àtijọ́ yẹn, tó jẹ́ pé ooru ni wọ́n ń mú jáde ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Èmi náà jẹ̀bi níbi tí mo ti dé igbá pa láìdá ihò ńlá sókè rẹ̀, àmọ́ òun ló kó gílóòbù yẹn pọ̀ mọ́ aṣọ yẹn tó ní kí n fi wọ́n sí yàrá ọmọ.

Mo ti tún un ṣe. Àdìrẹ òwú lọ́dọ̀ màmá, gílóòbù LED wáàtì 3, mo gé òkè igbá kí ooru lè máa jáde, mo sì fi àyè ìka mẹ́rin sí àárín aṣọ àti gílóòbù. Ṣàpọ́n ni mo ti ra wáyà, ẹni tó tà á gbà kí n ha á kí n tó sanwó. Ẹni tí ò bá gbà fún yín, ẹ kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn.

Mi ò gbé nọ́ńbà ọkùnrin yẹn síbí torí ó ti pààrọ̀ rẹ̀. Àwòrán ọjà rẹ̀ ni kò tíì pààrọ̀: igbá kan lórí tábìlì onígíláàsì, ó sán díẹ̀ létí, iná búlúù ń tàn nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi rí i níjẹta. Orúkọ mìíràn ló wà lábẹ́ rẹ̀, iye rẹ̀ sì ti di ₦22,000.